Ohun Tí Ara Kọ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀kọ́ àgbà sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan

Mo mọ̀ pé láti ọjà, láti oko, láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá. N kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ awọ ara ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ awọ ara àti ọ̀rọ̀ ìwé kíkà kò jìnnà sí ara wọn rárá.

ÀṢÌṢE TÈMI

Kí n tó di olùdarí ẹ̀kọ́ àgbà, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-ìwé wa nígbà náà. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ara a máa yún un níbi tí apá ti ń ká, àti ní ẹ̀yìn orúnkún. A máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Àwọn ọmọ yòókù kọ̀, wọn kò fẹ́ jókòó tì í.

Èmi náà ńkọ́? Mo ní kúrúnà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà sí ilé. Mo ní kí ìyá rẹ̀ wò ó sàn kí ó tó padà wá. Nígbà tí ó padà, mo fi í sí ìjókòó kan ní ẹ̀yìn kíláàsì, òun nìkan. Mo rò pé àwọn ọmọ yòókù ni mo ń dáàbò bò.

Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe kúrúnà. Àléfọ́ ni. Àléfọ́ kì í ràn. Ọmọ tí ó ní àléfọ́ lè bá ọmọ mìíràn jẹun nínú àwo kan, kí wọ́n sùn lórí ẹní kan, kò ní kó o ràn án. Èmi tí mo kàwé, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, n kò mọ̀. Ọmọ náà ni ó jìyà àìmọ̀ mi. Èmi àti rẹ̀ tún pàdé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ ó gbọ́ ìyẹn níwájú.

KÍ NI ÀLÉFỌ́ YÌÍ?

Àléfọ́ tí mò ń sọ yìí ni èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Nínú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ẹ sì lè rí ẹni tí imú rẹ̀ máa ń dí, tí ojú rẹ̀ sì máa ń yún, bí eruku bá ti dìde. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ìyá ọmọ jẹ́ ọ̀bùn.

Awọ ara wa dà bí ògiri ilé. Òun ni kì í jẹ́ kí omi inú ara gbẹ. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ohun tí ó wà níta ráyè wọlé. Ní ara ẹni tí ó ní àléfọ́, ògiri yìí ti sán. Omi ń jáde, nítorí náà ara rẹ̀ máa ń gbẹ háúháú. Ohun òde náà sì ń ráyè wọlé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

ÈÈWỌ̀ ARA

Gbogbo wa ni a mọ èèwọ̀. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ ẹran báyìí. Ìdílé kejì ń jẹ ẹ́, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ara náà máa ń ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ń lò láìsí wàhálà, bí ó bá kan ara ẹni tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún, ibẹ̀ yóò yún, yóò wú, yóò léròrò, ó sì lè máa ṣe omi. Ìwé àwọn òyìnbó a máa sọ pé ibẹ̀ yóò pọ́n. Lórí awọ dúdú bí tiwa, pípọ́n náà lè má hàn. Ibẹ̀ lè kàn dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ ohun tí ń bó ọwọ́. Ọṣẹ líle, bíléṣì, àti omi tí a ń fi ọwọ́ sí láti àárọ̀ títí di alẹ́ lè bó ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀, ìpalára ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ nǹkan nìkan ni èèwọ̀ ara ń mú, kódà bí ohun náà kéré. Àmọ́ o, àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ nípa èèwọ̀ ara.

Èkíní: a kì í bí i mọ́ ènìyàn. Kíkọ́ ni ara ń kọ́ ọ. Ènìyàn lè lo ọṣẹ kan fún ọdún mẹ́wàá kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé, “Kò lè jẹ́ ọṣẹ yìí, mo ti ń lò ó tipẹ́,” ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tó ẹ̀rí.

Èkejì: kì í yára. Ohun tí ó kan ara ní ọjọ́ Ajé lè má yún títí di ọjọ́rú. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti mú olè náà. Nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí yún, a ti gbàgbé ohun tí a fọwọ́ kàn.

Ẹ̀kẹta: bí ara bá ti kọ́ ọ, kì í sábà gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà B, ṣé ẹ tún lè wò ó kí ẹ máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí? Kò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ara rí. Yíyẹra fún ohun náà ni oògùn rẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI LE FÚN ALÁLÉFỌ́?

Ìdí méjì ni. Èkíní, ògiri ti lanu. Èkejì, ẹni tí ara ń yún kì í jókòó lásán. Ó ń wá oògùn. Ìpara kan lónìí, òmíràn lọ́la, lójoojúmọ́, lórí awọ tí ó ti ya. Báyìí ni oògùn fúnra rẹ̀ ṣe lè di èèwọ̀. Ara yóò yún, yóò tún pa á. Yóò yún sí i, yóò tún pa á sí i. Wọn yóò ní, “Àléfọ́ yìí mà ti burú o!” Wọn kò mọ̀ pé àìsàn kejì ti gun èkíní lẹ́yìn.

Nígbà wo ni kí a fura? Bí àléfọ́ bá ń le sí i nígbà tí a ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ń burú níbi tí a ń pa ìpara sí gan-an. Bí ó bá kúrò níbi tí ó máa ń wà, tí ó lọ sí ọwọ́, ìpéǹpéjú, ọrùn tàbí ẹsẹ̀. Kí ẹni náà sọ fún dókítà.

ÌYÁ ẸLẸ́KỌ

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì wa. Ẹ̀kọ ni ó ń tà. Ó ti ní àléfọ́ láti ìgbà èwe. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ẹ̀kọ: ẹ ó rẹ àgbàdo, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sẹ́ ògì. Inú omi ni ọwọ́ ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ya. Ó ra ìpara ọgbẹ́ kan ní ọjà, ó sì ra ọṣẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n ní ó dára fún awọ. Ó ń fi méjèèjì tọ́jú ọwọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ọwọ́ náà ń wú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ náà wú.

Kò pẹ́, a kò rí i ní kíláàsì mọ́. Mo lọ kí i ní ilé.

Mo ní, “Ìyá wa, a kò rí yín mọ́ o. Ṣé kò sí?”

Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, ẹ má bínú. N kò lè di pẹ́ńsùlù mú mọ́. Àwọn oníbàárà mi náà ti ń sá. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ta ni yóò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi?”

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mo rántí ọmọ tí mo fi sí ẹ̀yìn kíláàsì. Mo ní, “Ìyá, ẹ kò ní dá jókòó. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn.”

Dókítà awọ ara yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ó ní àléfọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé èèwọ̀ wà lórí àléfọ́ náà. Ó ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yìn.

ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀YÌN

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe tuntun. Josef Jadassohn, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó sọ nípa rẹ̀ ní 1895. Títí di òní ni wọ́n ń lò ó. Ní ilẹ̀ wa náà, àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Mercy Olúmidé, dókítà awọ ara ní Èkó, kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1985.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò bu díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣiríṣi ohun tí ara ènìyàn sábà máa ń kọ̀, wọn yóò tò wọ́n sí ẹ̀yìn, wọn yóò sì lẹ nǹkan mọ́ wọn. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọjọ́ méjì ni yóò wà níbẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn náà, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tí yóò mú kí ó làágùn púpọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ ti ìyá ẹlẹ́kọ. Ọjọ́rú ni wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún wò ó, nítorí pé ara mìíràn máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn.

Ojú méjì wú ní ẹ̀yìn rẹ̀. Èkíní ni neomycin, oògùn kan tí ó máa ń wà nínú ìpara ọgbẹ́. Èkejì ni lọ́fínńdà. Ẹ wò ó! Ìpara àti ọṣẹ tí ó ń fi tọ́jú ọwọ́ gan-an ni ó ń bá ọwọ́ jà.

Dókítà fún un ní oògùn mìíràn. Ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ìwé fún un. Ó ní kí ó máa wá wọn lára páálí kí ó tó ra nǹkan.

ÌWÉ INÚ ÀPÒ

Ìyá ẹlẹ́kọ kò gbọ́ èdè òyìnbó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni lẹ́tà ń jẹ́. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ tí a fi aṣọ wé da ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sínú ìwé kékeré rẹ̀: NEOMYCIN. FRAGRANCE. PARFUM. Àwọn méjì tí ó kẹ́yìn, lọ́fínńdà ni wọ́n ń jẹ́.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti rẹ̀ pàdé ní ọjà. Ó fẹ́ ra ọṣẹ. Ọmọkùnrin tí ń tajà ní, “Màmá, ẹ gba èyí. Ewé àti egbò ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí lọ́fínńdà nínú rẹ̀.”

Ìyá yí páálí náà padà. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. P, A, R, F, U, M. Ó gbé ọṣẹ náà padà sí orí àtẹ. Ó ní, “Ọmọ mi, ó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ọmọ náà gbà á, ó wò ó. Ó ní, “Màmá, n kò tilẹ̀ kà á rí.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń kọ́ni ní ìwé fún ọdún púpọ̀. N kò rí ọjọ́ tí inú mi dùn tó ọjọ́ náà.

Ṣé àléfọ́ náà ti lọ pátápátá? Rárá. N kò ní purọ́ fún yín. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń fi ìpara tí kò ní òórùn pa ara. Ṣùgbọ́n wíwú náà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ sàn. Ó ń ta ẹ̀kọ, ó sì ń di pẹ́ńsùlù mú.

ÀWỌN OHUN TÍ A MÁA Ń BÁ PÀDÉ

1. Lọ́fínńdà nínú ọṣẹ, ìpara àti pọ́dà. Ẹ wo FRAGRANCE tàbí PARFUM lára páálí.

2. Neomycin nínú ìpara ọgbẹ́.

3. Nickel. Irin ni. Ó máa ń wà nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú, bọ́tìnnì ṣòkòtò, irin bẹ́líìtì àti ẹ̀wọ̀n aago ọwọ́.

4. Ohun tí a fi ń pa irun láró dúdú. Ẹ wo PARAPHENYLENEDIAMINE tàbí PPD. Làálì gidi kì í dúdú kiriri. Bí wọ́n bá fún yín ní làálì tí ó dúdú kíákíá, ẹ ṣọ́ra, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti po PPD mọ́ ọn.

5. Èròjà inú rọ́bà, bí ìbọ̀wọ́ àti sálúbàtà.

6. Kíróòmù nínú sìmẹ́ǹtì tútù àti nínú awọ bàtà.

Ewé náà lè jẹ́ èèwọ̀. Ẹ má rò pé ohun tí ó bá ti inú igbó wá kò lè ṣe ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sá fún gbogbo nǹkan. Èyí tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó jẹ́ èèwọ̀ yín ni kí ẹ sá fún.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ILÉ

Ẹ dín ohun tí ẹ ń fi pa ara kù. Ọṣẹ kan tí kò le, tí kò ní òórùn, àti ìpara kan tó. Vaseline funfun tí kò ní lọ́fínńdà dára. Ó ṣọ̀wọ́n kí ara kọ̀ ọ́, àní irú rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń po ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń lẹ mọ́ ẹ̀yìn. Òrí tí a kò po nǹkan mọ́ náà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Bí ẹ bá ti wẹ̀ tán, ẹ rọra nu omi, kí ẹ sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ìpara bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, níbi tí kò ní egbò, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Bí ibẹ̀ bá yún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí aró irun dán irú èyí wò o.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ara bá yún, ẹ kọ ọjọ́ náà, kí ẹ sì ka ọjọ́ mẹ́ta padà sẹ́yìn. Kí ni ó kan ara yín? Kí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà?

Ẹ má ṣe dá oògùn dókítà dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo ìpara àti ọṣẹ yín sínú àpò kan, kí ẹ gbé e lọ bá a. Ẹ má sì fọwọ́ kan ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń bó ara. Oògùn líle máa ń wà nínú òmíràn. Ó lè pa àìsàn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó ba awọ jẹ́.

Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, bí ara bá gbóná, bí ojú bá wú, tàbí bí èémí bá ń ṣòro, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

ỌMỌ ẸLẸ́YÌN KÍLÁÀSÌ

Mo ní mo tún pàdé ọmọ náà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ni. Ó ti di géńdé, ó ń ṣe bíríkìlà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Ọwọ́ rẹ̀ ya bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ti kúrò ní ilé-ìwé kí ó tó mọ ìwé kà. Nítorí náà, ọwọ́ nìkan ni ó ní láti fi jẹun. Inú sìmẹ́ǹtì ni ó sì ń ki ọwọ́ náà bọ̀.

Mo dá ara mi lẹ́bi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ó ti tán.” Ṣùgbọ́n kò tán lọ́kàn mi. Mo mú un lọ síbi tí mo mú ìyá ẹlẹ́kọ lọ. Kíróòmù inú sìmẹ́ǹtì ni ara rẹ̀ kọ̀. Àwọn ìjọba kan ti ṣe òfin lórí èyí. Ní Denmark ní 1983, àti ní gbogbo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 2005, wọ́n ní kí àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì dín oró kíróòmù náà kù. Ìyọ̀ irin kan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tí ó fi ń rọlẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí agbára kò ká.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní bí ó bá lè kàwé kí ó sì kọ nọ́ńbà, òun yóò fi í ṣe olùtọ́jú ẹrù. Kò ní po sìmẹ́ǹtì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì yìí. Ó gbà mí láàyè kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà láàárín wa báyìí.

Ẹ wò ó dáadáa. Iwájú ni ó jókòó sí.

Ìlera lọ́rọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Ǹjẹ́ àléfọ́ ń ràn?
2. Bí ohun kan bá kan ara ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni ara lè bẹ̀rẹ̀ sí yún?
3. Kí ni ìyá ẹlẹ́kọ rí lára páálí ọṣẹ?
4. Ẹ mú ọṣẹ tàbí ìpara kan ní ilé yín. Ẹ da ọ̀rọ̀ mẹ́ta kọ lára páálí rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.